A gbé aláboyún tí ejò bù ṣán lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo: ìrírí wa

Ìyàwó àbúrò mi ń já ewúro lẹ́yìn ilé wọn ní Òṣogbo nígbà tí paramọ́lẹ̀ bù ú ṣán ní ọrùn ẹsẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù méje. Àwọn ará ilé ti mú okùn àti abẹ dání kí n tó dé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó o kúrò, nítorí pé ẹsẹ̀ tí a dì pinpin lè kú, ojú gbẹ́rẹ́ tí a bá sín kò sì ní dá ẹ̀jẹ̀ dúró bí oró ejò bá ti ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Igi pẹlẹbẹ ni a dì mọ́ ẹsẹ̀ náà kí ó má baà máa mì, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wú mi lórí. Kí nọ́ọ̀sì tó béèrè káàdì, ó ti bọ́ ṣéènì ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú bò ó, ó sì ní, "Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, mọ́mì," kí ìwúwo oyún má baà tẹ iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì gbígbẹ, wọ́n fi sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kàn án, wọ́n sì dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́: kò dì, ó ṣàn bí sóbò, àmì pé oró ti ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Dókítà kò tún dúró bi wá irú ejò tí ó jẹ́.

Ẹ̀rù bà mí pé oògùn apaoró ejò lè pa ọmọ inú. Dókítà ṣàlàyé pé oró náà gan-an ni ó lè mú kí ibi ọmọ ya kúrò lára ilé ọmọ, nítorí náà oyún kì í ṣe ìdí láti fi oògùn náà du ìyá tàbí láti dín in kù. Nítorí pé ara ẹlòmíràn lè kọ oògùn náà, wọ́n gbé adrenaline, abẹ́rẹ́ tí a fi ń gba ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ oògùn là, sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

Ṣùgbọ́n oògùn apaoró ejò ọ̀hún kò sí nínú fíríìjì wọn! Èmi ni mo gun ọ̀kadà dé ibi méjì kí n tó rí ìgò mẹ́ta EchiTAb-Plus, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica, mo sì gbé e dé nínú kúlà lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn tí ó kọ "pàjáwìrì, tọ̀sán tòru" sára pátákó kò yẹ kí ó rán ẹbí aláìsàn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní oògùn náà, ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀pá dì. Gbogbo òru ni wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn ọmọ. N ó tún gbé ènìyàn lọ síbẹ̀, àmọ́ n ó kọ́kọ́ pè wọ́n láti béèrè ohun tí ó wà nínú fíríìjì.