Ọ́ìlì copaiba tí mo ń rà ní Bódìjà: ojúlówó ni, àmọ́ ẹ béèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí níbi tí mo ti ń ra ọ́ìlì tí mo fi ń ra màmá mi lórúnkún, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lápá ibi téèyàn ń gbà láti Bódìjà lọ sí UI, wọ́n ń ta òrí, ọṣẹ dúdú, àdín àti oríṣiríṣi ọ́ìlì olóòórùn. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, màá sì sọ èyí tí ò tẹ́ mi lọ́rùn náà.

Igi ńlá kan tó ń hù nínú igbó Amazon ní Brazil ni copaiba ti ń wá. Wọn kì í gé igi yẹn lulẹ̀ o, ṣe ni wọ́n máa ń lu ìtì ẹ̀ ní ihò, wọ́n á ki páìpù kékeré bọ̀ ọ́, oje á máa ṣàn jáde sínú ike, tó bá ti tó wọ́n á fi igi dí ihò yẹn pa, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó sinmi. Oje yẹn gangan ki, ó máa ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, àwọ̀ ẹ̀ dà bí oyin. Tí wọ́n bá wá fi ooru omi gbígbóná fa òórùn ẹ̀ jáde tó tutù padà, ìyẹn ni essential oil, òun fúyẹ́, ó mọ́ gaara. Copaiba ni wọ́n ń kọ sára igo méjèèjì, owó wọn ò sì bára mu, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n gba ti ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ̀ ń tà?" Kò tiẹ̀ jiyàn, ó fa pépà funfun yọ, ó kán oje sí ọ̀tún, ó kán essential oil sí òsì, ó ní kí n máa gbé e lọlé. Mo délé, mo kán èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ sáàárín. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ojú ibi tí essential oil wà ti gbẹ, òórùn fẹ́ẹ́rẹ́ ló kù, ti oje ṣì ń dán tó ń lẹ̀ mọ́ka, àmọ́ èyí tó wà láàárín ti fi àbàwọ́n ọ̀rá ràgàjì sílẹ̀, tí mo bá gbé e sókè síwájú iná mo ń rí ìka mi lódìkejì. Òróró lásán ni wọ́n lú mọ́ ọn, ẹni tó tà á fún mi sì ti blọ́ọ̀kì mi.

Pépà ò lè tú gbogbo àṣírí sha. Oje igi mìíràn wà láti Éṣíà, gurjun, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi í lú copaiba, láàbù nìkan ló lè mú ìyẹn, torí náà ẹ ní kí wọ́n fi pépà èsì láàbù hàn yín, kí batch number tó wà lórí ẹ̀ bá ti ara igo mu. Tiwọn bá a mu, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní beta-caryophyllene ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú kànáfùrù àti black pepper, ìdí nìyẹn tí òórùn igi tó rọlẹ̀ yẹn fi ní ata díẹ̀ nínú.

Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó rèé. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní igi kan náà ni manjakani tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti wá. Rárá o! Kókó tí agbọ́n tíntín kan ń fà sára igi oak ni manjakani, ó máa yé ẹyin síbẹ̀, igi á wú yí ọmọ ẹ̀ ká, ihò kékeré tẹ́ ẹ̀ ń rí lára ẹ̀ ni ọmọ yẹn gbà jáde, apá Tọ́kì àti Ìráànì sì nigi yẹn wà. Kókó kòkòrò wà lára copaiba náà lóòótọ́, oríṣi igi copaiba kan tí wọ́n ń pè ní Copaifera langsdorffii ní ju oríṣi kókó 20 lọ, kòkòrò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bí kókó tiẹ̀ ṣe rí, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọmọ yẹn, nítorí ara làwọn èèyàn ń fi nǹkan yìí sí.

Ohun tó wá ká mi lára jù ni pé kò sí tiwa kankan lórí àtẹ. Igi kan tá à ń pè ní ìyá wà lódàn tiwa níbí, òyìnbó oníṣòwò máa ń pe oje ẹ̀ ní Illurin balsam nítorí Ìlọrin, wọ́n tún ń pè é ní copaiba ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú ti Brazil, mi ò ní kẹ́ ẹ fi rọ́pò, àmọ́ ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní táwọn èèyàn bá ń béèrè òun á wá a, torí náà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi béèrè.

Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ má mu ún, ẹ má sì fi í para lásán. Ẹ̀kán mélòó kan nínú ṣíbí àdín àgbọn ti tó, ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ apá yín wò. Màmá mi ní ó ń tu òun lára, àmọ́ oògùn dókítà wọn ò dúró o. ₦14,500 ni 10ml essential oil, oje rọjú jù ú lọ. POS wọn ń ṣiṣẹ́, wọn kì í ṣí ní Sunday, 30ml sì máa ń tètè tán, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó jáde nílé.