Valencia lówó pọ́ọ́kú: owó-orí tí kò sí, àti obìnrin tó dá a padà

Yúrò 16 ló mú mi jókòó kọ èyí. Owó náà ò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan ní Valencia, ìlú kan ní Sípéènì, tó ní kí àlejò san án, họ́sítẹ́ẹ̀lì tá a dé sí sì gbà á lọ́wọ́ wa lóru, nígbà tí wọ́n mọ̀ pé a ò ní ibòmíì tá a máa sùn. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò àtilọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa owó yìí.

Èmi àti Bùkọ́lá la jọ lọ. London là ń gbé, a gbéra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ká lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Bàálù ò níṣòro. Báàgì àgbékọ́ kọ̀ọ̀kan la gbé, ó gbéra, ó balẹ̀, ó tán. Físà ni owó mi ti kọ́kọ́ jò. Bùkọ́lá ti gba pasipọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tèmi ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà, físà Schengen, tí wọ́n fi ń wọ Sípéènì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, sì ti di yúrò 90 láti oṣù kẹfà ọdún 2024, láì tíì ka owó iṣẹ́ àwọn tó ń gba ìwé wa. Físà mi nìkan ju owó bàálù mi ní àlọ àti àbọ̀ lọ. Àdúgbò kan náà lèmi àti Bùkọ́lá ń gbé, iye owó-orí tá à ń san kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, òun kàn dìde ó lọ ni, èmi ń kó ìwé báńkì kiri. Ó dùn mí, mi ò sì ní fi pa mọ́.

Láti pápákọ̀ òfurufú tó wà ní Manises, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìlà 3 tàbí 5, ló máa gbé yín dé ibùdókọ̀ Xàtiva láàárín ìgboro. Ẹ má wulẹ̀ wọ takisí.

Nígbà tá a dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, agogo ń lọ sí méjìlá òru. Ọmọkùnrin kan ló wà lẹ́nu kántà, ó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. A kí i, kò gbójú sókè. Ó gba pasipọ́ọ̀tù wa, ó kọ orúkọ wa sínú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn bófin mu, gbogbo ilé tó ń gba àlejò ní Sípéènì ló gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá mú kọ́kọ́rọ́ yàrá wa jáde, ó gbé e sórí kántà, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e.

“Owó-orí àlejò,” ló wí. “Yúrò mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Owó lọ́wọ́ nìkan, a ò gba káàdì.”

Mo ti ń tú pọ́ọ̀sì nígbà tí Bùkọ́lá di ọwọ́ mi mú. Bùkọ́lá kì í rìnrìn àjò láì kàwé nípa ibi tó ń lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Barcelona ni wọ́n ti ń gba ìyẹn. Ìjọba ẹkùn Valencia ṣòfin tiwọn lóòótọ́ lọ́dún 2022, àmọ́ ìjọba tó dé lẹ́yìn wọn ti wọ́gi lé e kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.” Ọmọkùnrin náà nawọ́ sí bébà kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo kà á. Kò sí òǹtẹ̀, kò sí nọ́ńbà òfin, kò sí orúkọ ọ́fíìsì ìjọba kankan níbẹ̀.

Bùkọ́lá ní kó fún wa ní rìsíìtì. Ó ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Bùkọ́lá ní kó fi ọwọ́ kọ ọ́. Ó ní òun ò láṣẹ. Bùkọ́lá wá béèrè *hoja de reclamaciones*, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí òfin Sípéènì ní kí gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ ní lọ́wọ́ fún oníbàárà tó bá ní ẹ̀sùn. Àkọlé tó sọ pé fọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀ wà lórí ògiri, lókè orí ọmọkùnrin náà gan-an. Ìgbà yẹn ló tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní inú dúrọ́ọ̀ ni fọ́ọ̀mù wà, ọ̀gá ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ, ọ̀gá ti sùn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí kọ́kọ́rọ́ yàrá wa ní gbogbo àkókò yẹn.

A san yúrò 16 fún òru méjì. Àmọ́ Bùkọ́lá ya bébà kan nínú ìwé rẹ̀, ó kọ déètì, aago, iye owó àti ohun tí wọ́n ní a tìtorí ẹ̀ san án, ó ní kí ọmọkùnrin náà fọwọ́ sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé ó fọwọ́ sí i. Bóyá ó fẹ́ padà sídìí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ni. Mo wọlé sùn pẹ̀lú ìbínú, mo sì ti pinnu pé ìràwọ̀ kan péré ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀, obìnrin kan tó tó ìyá wa ló wà ní kántà, ó so ìgò ojú kọ́ ọrùn. Òun ló kọ́kọ́ kí wa. Bùkọ́lá na bébà sí i láì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ìgò sójú, ó kà á, ó tún un kà, ó mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó lọ síbi ògiri, ó ṣí bébà ọlọ́ràá yẹn kúrò, ó sì fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì níṣojú wa. Lẹ́yìn náà ló fa dúrọ́ọ̀. Ẹ gbọ́ o, dúrọ́ọ̀ náà ò tì rárá! Ó ka yúrò 16 sórí kántà, ó tún mú fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn jáde, ewé mẹ́ta: ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún wa, ọ̀kan fún ìjọba. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, wọ́n á tún lẹ òmíràn mọ́bẹ̀.” Ó jókòó tì wá bá a ṣe ń kọ ọ́, ó bá wa kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé náà síbi tó yẹ, ó sì fọwọ́ síbi tiwọn. Òṣìṣẹ́ ni obìnrin yìí, kì í ṣe òun ló ni ilé. Ó mọ ẹni tí fọ́ọ̀mù yẹn máa bí nínú.

Bá a ṣe fẹ́ jáde, ó bi wá níbi tá à ń lọ, ó sì yí gbogbo ètò wa padà. Ó ní ká gba ojú odò Turia lọ, ká má gba títì. Odò yìí kún àkúnya ní oṣù kẹwàá ọdún 1957, ó pa èèyàn, wọ́n wá gbẹ́ ojú odò tuntun fún un sí gúúsù ìlú. Ojú odò àtijọ́ ti di ọgbà báyìí, nǹkan bíi kìlómítà 9, àwọn afárá àtijọ́ ṣì na lé e lórí, ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Ó sọ fún wa pé nígbà tí omi tún dé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ojú odò tuntun yẹn gba àárín ìgboro sílẹ̀, àmọ́ àwọn ìlú tó wà lódìkejì rẹ̀, bíi Paiporta, ni omi ya bò. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sì pẹ́ lórí ẹ̀.

Òun náà ló ní ká wọ ìlà 3 lọ sí Alboraia lọ mu *horchata*. Ẹ̀yin èèyàn mi, òfio ni! Òfio tí wọ́n ń tà fún wa lójú ọ̀nà ilé-ìwé, tí àwọn Hausa fi ń ṣe kunu aya. Oko rẹ̀ la rí lẹ́bàá ìlú náà. Wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n gbé e wá nínú ife gíga tí òtútù ti mú kí ara rẹ̀ máa làágùn, pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn aládùn tí wọ́n ń pè ní *fartons*. Ẹ ki búrẹ́dì náà bọ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Bùkọ́lá mu méjì, ó tún wo tèmi.

Ọjà Mercado Central ò ṣí lọ́jọ́ Àìkú, torí náà ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kẹ́ ẹ lọ, kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ehoro àti ìgbín wà níbẹ̀, wọ́n á sì sọ fún yín pé àwọn méjèèjì lè wọ inú paella, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n ń sè nínú agbada. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ paella, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kì í sì í sè é fún ẹnì kan ṣoṣo, ìdí mìíràn nìyẹn tó fi dáa kéèyàn mú ọ̀rẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ mọ́ agbada ni wọ́n ń jà sí. Ó dùn bí ìdí ìkòkò ìrẹsì òde àríyá. La Lonja, ọjà ṣẹ́dà àtijọ́ tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé lọ́dún 1996, wà ní òdìkejì títì. Ọ̀fẹ́ la wọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Ní ti yàrá: ibùsùn tinrin, omi gbígbóná ò pẹ́ tán, aṣọ ìnura kékeré. Yàrá tó kọjú sí ojú títì ò ṣeé sùn, ariwo àwọn tó ń mutí ò dá títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Òru tá a padà débẹ̀, ọmọkùnrin yẹn ló tún wà ní kántà. Ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, kò bá wa sọ nǹkan kan.

Máàkì mi: 4 nínú 5, nítorí obìnrin yẹn nìkan. Ẹ béèrè yàrá ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì fi káàdì san ohun gbogbo.