Iná àwọ̀ ewé, dísìkì tó ń kú lọ: ohun tí ojú mi rí nídìí sáfà tí mo háyà l'Ékòó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye core àti RAM tó wà nínú sáfà yìí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí mo háyà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó, ó wà lójú ìwé wọn. Èmi ò ní ka ìyẹn. Ọ̀rọ̀ dísìkì ni mo bá wá, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ohun tí wọ́n kọ sí mi lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀sùn tí mo kọ sí wọn pé sáfà ń fà, ló bí mi nínú tí mo fi jókòó kọ èyí: "RAID yín wà ní Optimal, iná ara rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹ pa sáfà yín, kí ẹ tún un tàn." (RAID ni ètò tó so dísìkì mélòó kan pọ̀ bí ẹyọ kan.) Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tán ni wọ́n ti tíkẹ́ẹ̀tì náà pa. Wọn ò tiẹ̀ dúró gbọ́ bóyá mo gbà tàbí n ò gbà.

Àkọsílẹ̀ owó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mò ń bá ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn ló wà lórí sáfà yìí. Ìparí oṣù sì ni, ìgbà tí àwọn akápò ń yọ owó ẹ̀yáwó lára owó oṣù àwọn èèyàn. Wọ́n ń pè mí pé àwọn tẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan, ó ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Mo wo CPU, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo wo RAM, ó ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Iowait, ìyẹn àkókò tí CPU fi ń dúró de dísìkì, ló ga tó ń bani lẹ́rù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo hardware RAID rí mọ̀ pé èèyàn kì í déédéé rí ojú dísìkì. Káàdì PERC, tó ń darí RAID nínú sáfà Dell, ló dúró láàárín. Dísìkì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, 4TB lọ́kọ̀ọ̀kan, RAID 5 (tí ẹyọ kan bá kú, dátà ò tíì lọ), àmọ́ /dev/sda kan ṣoṣo ni Linux ń rí. Mo tẹ smartctl -a /dev/sda, àṣẹ tó ń sọ bí ara dísìkì ṣe le tó, ó kọ̀, ó ní káàdì DELL tàbí MegaRaid lòun bá níbẹ̀, kí n fi -d megaraid,N sí i. N yẹn ni nọ́ńbà tí káàdì fún dísìkì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i lábẹ́ DID bí ẹ bá tẹ perccli64 /c0 show, àṣẹ tí wọ́n fi ń bá káàdì náà sọ̀rọ̀. MegaRAID ti LSI ló wà nínú PERC, torí náà ẹni tó ń lo storcli lórí sáfà mìíràn, àṣẹ kan náà ni yóò tẹ̀. Ti HP ló yàtọ̀: -d cciss,N ni tiwọn.

Dísìkì 0 mọ́, 1 náà mọ́. Mo dé megaraid,2, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Reallocated_Sector_Ct, iye ibi tó bà jẹ́ tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò: 1,896. Current_Pending_Sector: 312. Pending yìí ni àwọn ibi tí dísìkì fẹ́ kà tí kò rí kà mọ́, tí kò sì tíì lè pa tì. Mo ní kí n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti di 328. Power_On_Hours ńkọ́? 51,204. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Dísìkì tí wọ́n ní tuntun ni lọ́jọ́ tí mò ń sanwó, ó ti lò ju ọdún márùn-ún ààbọ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Síbẹ̀ náà, PASSED ni smartctl kọ sókè gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe dísìkì fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni PASSED ń tẹ̀ lé, dísìkì á sì ti bà jẹ́ gan-an kó tó kọjá ìwọ̀n náà. Perccli ní Media Error Count (àṣìṣe lórí dísìkì) ti 47, Predictive Failure Count (àmì pé ó fẹ́ kú) ti 0, dísìkì wà ní Onln (ó ṣì ń ṣiṣẹ́), RAID wà ní Optl, ìyẹn Optimal. Optl náà ò parọ́ o. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí dísìkì tó tíì jáde nínú mẹ́rin. Ẹ bi lánlọ́ọ̀dù bóyá ara ayálégbé rẹ̀ le, ó ní owó ilé ti wọlé. Bí dísìkì mìíràn bá wá lọ lójijì, káàdì á ní láti ka gbogbo ara àwọn mẹ́ta tó kù kó tó lè kún tuntun, ibẹ̀ ni yóò sì ti kan àwọn ibi tí dísìkì 2 ò lè kà. Dátà tó wà níbẹ̀ lọ nìyẹn.

Mo kọ gbogbo èyí, mo fi àwòrán sí i. Wọ́n ní òfin àwọn ni pé ó dìgbà tí káàdì bá kọ Failed kí àwọn tó pààrọ̀ dísìkì. Mo pè wọ́n. Arábìnrin tó gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ìyẹn ni mo lè sọ. Ó bi mí bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi dáa. Mo ní, "Àǹtí, dísìkì yín ló ń kú, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì mi." Ó ní, "Mo gbọ́ sà, ẹ má bínú sà, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá." Ó fi orin sí mi létí. Owó orí fóònù mi tán sídìí orin yẹn.

Lóru ọjọ́ náà, fóònù dún. "Ẹ má bínú pé mo jí yín, sà. Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lálẹ́ òní. Mo ka tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti pa yẹn. Megaraid 2 yín ti tán, sà."

Mo jókòó dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọkùnrin yìí ò kánjú. "Backup ńkọ́, sà? Ti ìgbà wo? Ibòmíràn ló wà àbí orí sáfà yìí náà?" Ìdáhùn mi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí n tẹ perccli64 /c0 show patrolread. Disabled. Patrol read ni káàdì fi máa ń rìn lórí dísìkì látòkè délẹ̀, ní wákàtí 168 sí wákàtí 168 bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, kó lè tètè rí ibi tó ń bà jẹ́. Mo bi í pé ta ló pa á. "Àwa ni, sà. Wọ́n ní ó máa ń fa sáfà sẹ́yìn." Ó yẹ kí inú bí mi. Àmọ́ òun nìkan ló sọ òótọ́ fún mi látàárọ̀.

Ibi tó ti jẹ́ kí n fọkàn tán an pátápátá rèé. Ó ní òun ò ní tìtorí nọ́ńbà nìkan fa dísìkì kankan yọ. Káàdì ń kà láti orí 0, slot 2 ni ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá ń fi ìka kà á á fa èyí tó yè yọ, RAID 5 ò sì lè gba méjì. "Ẹ tan iná rẹ̀ fún mi, sà." Mo tẹ perccli64 /c0/e32/s2 start locate. "Ó ń ṣẹ́jú. Ẹ pa á." Mo pa á. "Ẹ tún un tàn." Mo tàn án. "Òun ni." Mo gbé dísìkì náà sí offline, ó yọ ọ́, ó ka serial number ara rẹ̀ sí mi létí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì bá ti ojú smartctl mu. Ìgbà náà ló tó ki tuntun bọ ibẹ̀. Rbld: káàdì ti ń tún un kún. Mo sáré wo Power_On_Hours tuntun náà: 11. Ẹ̀rín pa mí lóru.

Rebuild náà ò parí títí oòrùn fi kanrí. Ọmọkùnrin náà ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ lọ sílé, síbẹ̀ ó ń fi WhatsApp bi mí: "Ó ti dé ibo, sà?" Nígbà tó pé 100%, iowait ti wálẹ̀, àwọn akápò ò pè mí mọ́.

Kí n tó gbádùn rẹ̀ tán, bíìlì dé. Owó dísìkì, pẹ̀lú ₦45,000 fún "iṣẹ́ òru". Sáfà wọn, dísìkì wọn, èmi ni kí n san án! Ọkùnrin tó wà nídìí owó ní ẹ̀rọ ló gbé e jáde. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, wọ́n yọ owó dísìkì. Iṣẹ́ òru dúró. Mo béèrè bóyá ọmọ yẹn máa rí nǹkan kan níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Nísinsìnyí, mo ti tan patrol read padà, mo sì ti kọ dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú smartd.conf, fáìlì ètò tó ń ṣọ́ dísìkì, kó lè máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi bí pending bá yọjú. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ háyà sáfà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ka Power_On_Hours gbogbo dísìkì rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó kó ẹrù yín wọlé.

Kí n má gbàgbé: iná wọn kì í lọ. Láti Ìbàdàn ó yá ju ti òkèèrè lọ. Náírà ni wọ́n sì ń gbà, ẹni tó ń san dọ́là fún sáfà látìgbà tí náírà ti já ní oṣù kẹfà 2023 mọ ohun tí mò ń sọ.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti san ti ọdún tó ń bọ̀.