Ọ̀sà Ìwòpín àbí òkun Òde-Omi: ibo ló dáa fún káìtì?

Káìtì tí à ń sọ ni aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbé, tó ń fi okùn fa èèyàn lórí pákó lójú omi. Ní ìgbà òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọ Ìjẹ̀bú Wọ́tásáìdì ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Ìwòpín àti Òde-Omi wà, ọ̀sán ló sì máa ń le. Kì í le jù. Ẹni tó bá wọn kílò 75, káìtì tí aṣọ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 12 sókè ni kó gbé.

Ní Òde-Omi, afẹ́fẹ́ yìí ń ti èèyàn padà sí etíkun, ìyẹn dáa. Ìgbì ibẹ̀ ni wàhálà. Etí iyanrìn gan-an ló ti ń fọ́, omi tó ń padà sí agbami sì lè wọ́ òmùwẹ̀ lọ. Bó bá gbé yín, ẹ má bá a jà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun títí yóò fi dẹ̀. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, ẹ má tilẹ̀ tú káìtì: agbami ló ń gbé èèyàn lọ.

Ìwòpín sàn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ìgbì ọ̀sà ò ga. Àmọ́ ojú-oró pọ̀, ọ̀pá àwọ̀n apẹja sì wà lábẹ́ omi tí ojú ò rí. Okùn káìtì tó bá kọ́ ọ tán nìyẹn. Ẹ bi àwọn apẹja kẹ́ ẹ tó wọmi, kẹ́ ẹ sì sanwó fún ọlọ́kọ̀ kan kó dúró tì yín.

Bí òjò bá ṣú ní ìlà-oòrùn, ẹ sọ káìtì kalẹ̀ kíá. Ìjì máa ń ṣáájú òjò dé.