Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú pọ́ńpù táyà tó ń wọ àpò

Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Káàdì ìgbéyàwó, prógíráàmù ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, gbogbo ẹ̀ la ń tẹ̀, tó bá sì ti jáde báyìí èmi náà ni mo máa so ó mọ́ ẹ̀yìn báìkì tí mo máa gbé e sọdá sí Áílàǹdì, torí ẹni tó ń ṣe ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé ò ní fẹ́ gbọ́ pé Sátidé náà ni prógíráàmù òun ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ kan mo lè gba orí afárá Third Mainland nígbà mẹ́rin, márùn-ún. Báìkì mi jẹ́ 250cc, torí pé òfin ìrìnnà tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 2012 ti lé ọ̀kadà kúrò ní títì ńlá, àwọn tó ń fi 200cc sókè gbé ẹrù fún èèyàn ni wọ́n yọ̀ǹda fún.

Nǹkan méjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, abẹ́ àga báìkì yẹn ni wọ́n ń gbé láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọ̀kan ni pọ́ńpù kékeré tó ń lo bátìrì, tí ò tóbi ju ike omi kékeré lọ. Ìkejì ni irin àti okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń dí ihò táyà láti ìta, èyí táwọn èèyàn ń pè ní plug kit. ₦28,000 ni mo ra pọ́ńpù, ₦6,500 ni mo ra irin, ọjà Ládípọ̀ ni mo ti ra méjèèjì, owó ara mi sì ni, ẹnikẹ́ni ò gbé e fún mi pé kí n wá bá òun polówó ẹ̀.

Ohun tó lé mi débẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan lásìkò òjò. Mo di páálí prógíráàmù ìsìnkú méjì sẹ́yìn, mo ń lọ, bí mo ṣe dé Ọ̀wọ́ròǹṣókí báyìí kí n tó gun afárá ni táyà ẹ̀yìn fi jò pátápátá. Aago mẹ́jọ ti kọjá. Fọkanáísà tí mo mọ̀ níbẹ̀ ti palẹ̀ mọ́, èkejì tí mo bá, kò sí bẹntiróò nínú ẹ́ńjìnnì tó fi ń fẹ́ táyà, ni mo bá ń ti báìkì padà sí ọ̀nà Bàrígà nínú òjò, náílọ̀n tí mo fi bo páálí sì ti ya. 200 prógíráàmù ló rin, òru yẹn náà la tún wọn tẹ̀, bébà tuntun, íǹkì tuntun, gbogbo ẹ̀ lówó ara mi. Ìyá tó ni ìsìnkú ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ títí dòní. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn tí wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, ojú tì mí, mo ní èyí ò ní ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́.

Ẹ gbọ́ o, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ lọ wo ara táyà yín. Tí wọ́n bá kọ TUBELESS sí i lára, tí ríìmù ẹ̀ náà sì jẹ́ ti tubeless, tí kò sí tíúbù nínú ẹ̀, irin yìí máa ṣiṣẹ́ fún yín. Tó bá jẹ́ ríìmù onísípóòkù, bíi ti Bajaj Boxer tí mò ń gùn tẹ́lẹ̀, tíúbù ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, okùn rọ́bà ò sì lè dí tíúbù láti ìta, kàkà kó dí i ńṣe ló tún máa bà á jẹ́ sí i. Tí tiyín bá jẹ́ báyẹn, pọ́ńpù nìkan ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ wá fi tíúbù tuntun kan àti irin tí wọ́n fi ń ṣí táyà kún un. Ẹ sì ṣọ́ra, torí àwọn fọkanáísà kan máa ń ki tíúbù bọ inú táyà tubeless tó bá ti ń jò jù, ẹ bi ẹni tó ta báìkì fún yín léèrè, ẹ má kàn wo ara ẹ̀ lásán.

Ká wá sórí pọ́ńpù. Ó ní ojú kékeré tó ń tàn, èèyàn á tẹ nọ́ńbà tó fẹ́ sí i, á so hóòsì mọ́ fáàfù, á tẹ bọ́tìnì, tó bá ti dé nọ́ńbà yẹn á dá ara ẹ̀ dúró. Ìwé báìkì mi sọ pé iwájú 29 PSI, ìyẹn ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà, ẹ̀yìn 33. Táyà ẹ̀yìn tí ò sí atẹ́gùn kankan nínú ẹ̀, ó máa ń gbà á tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó kún, kékeré tí mo bá sì kàn fẹ́ fi kún un, ìṣẹ́jú kan ò pé. Ariwo ẹ̀ pọ̀ gan-an ni, ẹ má lò ó láago márùn-ún ìdájí nínú ilé oníyàrá púpọ̀, wọ́n á bá yín jà. Ìgbà tó bá ti kún, ẹ tètè tú hóòsì kúrò, torí bẹ́ ẹ ṣe ń tú u ló ń jò díẹ̀díẹ̀, èmi máa ń fi 1 tàbí 2 kún un nítorí ẹ̀.

Àmọ́ àléébù ẹ̀ tó dùn mí jù nìyí: nọ́ńbà tó ń gbé jáde ò pé. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo fura, torí báìkì ń fà lábẹ́ ẹrù bíi pé táyà ò kún. Mo wá ra gééjì ọlọ́wọ́ kékeré lọ́tọ̀, mo wọn táyà kan náà: pọ́ńpù ní 33, gééjì ní 30. Mo gbé e lọ bá fọkanáísà ìtòsí wa kó fi tiẹ̀ náà wọ̀n ọ́n, òun náà rí 30. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá gba ohun tó wà lójú pọ́ńpù yẹn gbọ́ á máa fi táyà tí ò kún gbé ẹrù wúwo lójoojúmọ́, táyà á máa gbóná, á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọjọ́ tó máa bẹ́ lórí eré ni kò ní sọ fún un. Ní báyìí 36 ni mo máa ń tẹ̀ kí n lè rí 33. Ẹni tó bá rà á tí ò ra gééjì lọ́tọ̀ mọ́ ọn, mi ò rò pé owó ẹ̀ pé.

Ẹ sì máa wọn táyà láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó gùn ún. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti sáré dé Márínà, atẹ́gùn inú ẹ̀ ti gbóná, nọ́ńbà á ti gòkè, ẹ má wá máa tú u dànù.

Irin ni mo wá fẹ́ràn jù, àmọ́ kì í ṣe àkọ́kọ́ tí mo rà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ oníke, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìgbà tí mo fi dán an wò lára táyà àlòkù nílé ló tẹ̀ bíi wáyà. Ẹ má ra irú ẹ̀. Èyí tó dáa, ọwọ́ ẹ̀ máa rí bíi lẹ́tà T, irin ni látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi gbogbo agbára èjìká tì í wọlé. Mo sì ń bẹ yín, ẹ fi táyà àlòkù kọ́ ọ nílé kó tó di pé ẹ nílò ẹ̀ lójú títì. Ẹ tọrọ ọ̀kan lọ́wọ́ fọkanáísà, ẹ lu ihò sí i, ẹ dí i, ẹ tún lu òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tó wúlò fún mi wá dé. Àárọ̀ ni, aago méje kù díẹ̀, mo gba Adékúnlé gun afárá, káàdì ìgbéyàwó 300 wà lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe sáré díẹ̀ ni ìdí báìkì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹni tó bá ti gun báìkì tí táyà ẹ̀yìn ẹ̀ jò á mọ̀ ọ́n, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹnì kan ń fa ìrù ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Mi ò tẹ búrẹ́kì ẹ̀yìn rárá, mo kàn rọra dẹ tírótù, mo di hándù mú ṣinṣin, mo fi búrẹ́kì iwájú díẹ̀díẹ̀ dúró sí etí afárá pátápátá. Ẹ rántí pé afárá yẹn gùn tó kìlómítà 11.8, láti 1990 tí wọ́n ti parí ẹ̀ tí wọ́n ṣí i, kò tíì sí fọkanáísà tó pàgọ́ sórí omi. Ọ̀sà lọ́tùn-ún, ọ̀sà lósì, Mákòkó lọ́ọ̀ọ́kán, dánfó àti trèlà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí wọ́n ṣe ń kọjá ni báìkì ń mì. Mo wọ fẹ́sìtì tó ń tàn yẹn, mo tan iná báìkì, mo ti báìkì síwájú títí ó fi lẹ̀ mọ́ irin etí afárá. Tó bá jẹ́ pé ibi tí mo dúró sí ò dáa ni, 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni mi ò bá pè, kí n má ṣe nǹkan kan fúnra mi, torí káàdì ìgbéyàwó ò tó ẹ̀mí èèyàn.

Mo yí táyà díẹ̀díẹ̀, mo rí i: ìṣó páànù, ó wọlé tọ̀nà-tọ̀nà láàárín ibi tí táyà ti ń tẹ ilẹ̀. Ẹ má tíì yọ ìṣó o. Ẹ kọ́kọ́ to gbogbo irin yín sílẹ̀, ẹ ti okùn rọ́bà bọ ojú irin tó rí bí abẹ́rẹ́ títí ó fi dé àárín, ẹ fi sólúṣọ̀n ra á lára, ẹ sì fi bírò sàmì síbi tí ìṣó wà, torí tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tán tí táyà bá yí, ẹ lè wá ihò yẹn tì. Ìgbà yẹn ni mo wá fi pláyà yọ ìṣó, mo ti irin oníhánrinhánrin bọ inú ihò, mo fà á wọlé fà á jáde tó bí ogún ìgbà kí inú ihò lè há sólúṣọ̀n mú, tí mo sì wá fi abẹ́rẹ́ ti okùn wọlé títí ó fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà méjì níta. Ibẹ̀ ló gba agbára. Lẹ́yìn náà ẹ máa fa abẹ́rẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà gbọnrangandan, ẹ má yí i, okùn á dúró sínú. Mo gé èyí tó yọ jáde, mo so pọ́ńpù mọ́ ọn, ó ń ké kàkàkà, mo dúró tì í mò ń wo nọ́ńbà ẹ̀, 8, 14, 21. Nígbà tó kún tán mo da omi píọ̀ wọ́tà tí mo pò mọ́ ọṣẹ díẹ̀ sí ojú ihò yẹn. Kò hó rárá. Láti ìgbà tí mo dúró títí mo fi tún gùn ún, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Mo rọra ń lọ títí dé Adénìji Adélé, mo tún wọ̀n ọ́n níbẹ̀, kò tíì jò, mo sì jíṣẹ́ ní Márínà kí aago mẹ́jọ tó lù.

Ohun tí mo ṣe lọ́sàn-án yẹn náà: mo gbé e lọ fún fọkanáísà kó tú táyà kó lẹ̀ ẹ́ láti inú. Okùn yẹn, ká kàn fi délé ni, ká má fi máa sáré kiri fún oṣù mẹ́fà. Tí ihò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tàbí tó bá fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, ẹ má dí i rárá, ẹ ra táyà. Àwọn kan á sọ fún yín pé àwọn fi okùn méjì dí ti ẹ̀gbẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe é, mi ò gbà pẹ̀lú wọn, ẹ̀gbẹ́ táyà máa ń nà máa ń sún, kò lè di okùn mú.

Àwọn nǹkan kéékèèké tí mo ti kọ́ lọ́nà: sólúṣọ̀n tẹ́ ẹ bá ti ṣí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó mọ̀ ó ti gbẹ, ẹ máa ra kékeré méjì, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan pamọ́ láìṣí i. Ẹ gé tíúbù àlòkù sí wẹ́wẹ́, òun ni mo fi ń so ẹrù, òun náà ni mo fi dì gbogbo irin yìí pọ̀ kí wọ́n má máa ró gbàǹgbàǹ lábẹ́ àga. Bátìrì pọ́ńpù máa ń lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ láìlò ó, oṣù kejì ni mo rí i pé tèmi ti fẹ́ẹ̀ kú tán nígbà tí mi ò tíì fi ṣe nǹkan kan, nítorí náà gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè tí iná bá wà ni mo máa ń ṣáàjì ẹ̀, tí kò bá sí iná mo máa ń lo páwà báǹkì. Ẹ má sì fi sínú oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bátìrì líthíọ́ọ̀mù ni, ooru ò dáa fún un.

Bàbá onílé wa wá yá a fún táyà mọ́tò wọn. Ó fẹ́ ẹ o, àmọ́ láti 15 dé 32, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ara ẹ̀ gbóná débi pé mi ò lè dì í mú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì. Ẹni tó bá jẹ́ mọ́tò ló ní, kó ra ńlá tí wọ́n ń so mọ́ bátìrì mọ́tò. Fún báìkì, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, bárò àti bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò, èyí tó.

Hóòsì ẹ̀ ti ń jẹ díẹ̀ níbi tó ti ń so mọ́ fáàfù, mo ti wá òmíràn lọ sí Ládípọ̀, wọ́n ní wọn ò tà á lọ́tọ̀. Síbẹ̀ tí èyí bá bàjẹ́ lọ́la, irú ẹ̀ náà ni mo máa tún rà, àmọ́ mo máa mú gééjì mi dání, níwájú ẹni tó ń tà á ni mo ti máa wọ̀n ọ́n kí n tó sanwó.