Wọ́tàpépà àwọn akunmọ́tò ní Ọláìyá: eyín ni mo fi fá

Eyín àtọwọ́dá ni mò ń ṣe jẹun, n kì í kun mọ́tò. Ìdí nìyí tí ìyá tó ń ta èèlò ìkunmọ́tò nítòsí Ọláìyá, níbí ní Òṣogbo, fi wò mí lókè-nílẹ̀ nígbà tí mo ní kí wọ́n fún mi ní wọ́tàpépà, pépà oníhoro tí wọ́n ń fi omi fá nǹkan, méjì méjì, láti 320 dé 2500. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni horo ń kéré sí i.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ rèé. Irú kan nínú gíláàsì-sẹ̀rámíìkì tí a fi ń ṣe eyín, bíi búlúù ló máa ń rí kí ó tó wọ iná. Tí ìléru bá gbóná dé nǹkan bí 840 sí 850 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kírísítà bí abẹ́rẹ́ á hù nínú rẹ̀, wọ́n á há mọ́ra, àwọ̀ eyín á sì yọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú iná lọ lójijì. Èyí tó jáde jọ eyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà kí n fi sẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo gé e, mo fẹ́ fá ojú ibi tí mo gé kó dán, kí n lè fi máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá, wo inú rẹ̀.

Mo rì í sínú rẹ́sìnì, ike olómi tó máa ń le, kó lè ṣe é dì mú, mo tẹ́ pépà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, omi ń ṣàn, mo ń fá. Pépà náà dáa! Kò hó, kò ya. Bí mo bá ti pààrọ̀ rẹ̀, mo máa ń yí eyín náà dábùú, kí n lè mọ̀ bóyá ìlà ti tẹ́lẹ̀ ti tán. Mo sì ń fọ ọwọ́: horo 320 kan ṣoṣo tó bá bá yín dé orí 2000, ẹ padà sẹ́yìn nìyẹn.

Ibi tí owó mi ti ṣòfò ni pé mo ra 600, mo tún ra P1200, mo rò pé ọ̀kan á tẹ̀lé èkejì. Irọ́ ni! 600 tí kò ní P níwájú yìí, òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà ni; ti Yúróòpù ni P. Horo 600 rẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 16 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan), ti P1200 jẹ́ 15.3. Ìkan náà ni wọ́n. Inú páálí kan náà ni ìyá kó gbogbo wọn sí. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí: “Ọmọ mi, akunmọ́tò kan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.” Ẹ yí ẹ̀yìn pépà wò kí ẹ tó sanwó.

Rọ́bìn-kọ́ńpáùn wọn, ìpara tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà mọ́tò dán, ńkọ́? Ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí. Epo inú rẹ̀ há sétí rẹ́sìnì, mo fọ̀ ọ́ títí. Ìpara dáyámọ́ńdì 3 àti 1 máíkírọ́ọ̀nù ló yẹ kó tẹ̀lé P2500, wọn ò tà á níbẹ̀, láàbù ọ̀rẹ́ mi ni mo ti rí i.

Láàbù yẹn náà la ti fi ásíìdì haidrofúlọ́ríìkì 5% jẹ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, nínú ike, torí gíláàsì lòun ń jẹ. Abẹ́rẹ́ kírísítà tó bá pé ló yẹ kó ṣẹ́kù. Jẹ́ẹ̀lì kálísíọ̀mù glukonéètì, oògùn tí a ń fi pa ibi tí ásíìdì yìí bá kàn lára, wà nítòsí. Ẹ má dán an wò nílé: ó lè má ta yín lára lójú ẹsẹ̀, kó sì ti máa wọ eegun lọ.

Wọ́n fi góòlù tín-ín-rín bò ó kí ó tó wọ máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ihò ihò la rí níbi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ wà. Ásíìdì ti jẹ àwọn kírísítà tí iná ò jẹ́ kí wọ́n pé. Mo ju eyín náà nù. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan lójú rẹ̀, pépà ₦500 sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ tètè lọ. Ìyá máa ń ti ìsọ̀ kí ó tó di agogo kan.