Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́ kan ní Kétu
Nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́ tí mo lọ ní Kétu, ẹ̀kọ́ tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ọ̀rọ̀ náà «feeble», tí ó túmọ̀ sí aláìlágbára, nítorí olùkọ́ wa fi hàn wá pé láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó yẹ kí a sunkún lé lórí ni òun àti «faible» tí a ń sọ ní Faransé ti wá. Ara tí ó ń ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ àti àwáwí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni a ń lò ó fún. Ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà «frail» (ẹlẹgẹ́) ló yẹ kí a lò fún àgbà. Àlàyé yìí tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi, ṣùgbọ́n àkókò tí a fi ń sọ èdè náà lẹ́nu kéré jù.